Ẹ Wá Ilé fún Un Kí Ẹ Tó Rà Á: Ohun Tí Mo Kọ́ Nídìí Routemaster

Routemaster ni bọ́ọ̀sì pupa alájà méjì tí gbogbo ayé fi mọ London. Kò ní ilẹ̀kùn lẹ́yìn. Èrò ń ti orí pẹpẹ ẹ̀yìn wọlé, dírẹ́bà dá jókòó sínú yàrá tirẹ̀ níwájú, kọ̀ndọ́kítọ̀ sì ń rìn láàárín ìjókòó, ó ń gba owó, ó ń já tíkẹ́ẹ̀tì. Láàárín ọdún 1954 sí 1968 ni wọ́n ṣe é, gbogbo rẹ̀ sì jẹ́ 2,876. Ní ọjọ́ 9 oṣù Kejìlá ọdún 2005, èyí tó gbẹ̀yìn lẹ́nu iṣẹ́ ojoojúmọ́, RM2217, ti Marble Arch wọ gáréèjì Brixton lórí ọ̀nà 159, èrò sì tò sí etí títì láti wò ó. Láti ìgbà náà, ọwọ́ àwa tí a fẹ́ràn rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wọn wà.

Àwa mélòó kan la jọ ni ọ̀kan, a jọ ń náwó lé e lórí, a sì jọ ń wọ abẹ́ rẹ̀. Mo ń kọ èyí sí ẹni tí ìfẹ́ bọ́ọ̀sì yìí ti wọ̀ lára, tó ti ń wo àwòrán èyí tí wọ́n fẹ́ tà títí ilẹ̀ fi ń ṣú bá a. Ohun tí ojú wa rí nìyí: kì í ṣe ẹ́ńjìnnì ló ń pa bọ́ọ̀sì àgbà, omi ni. Ẹni tí kò bá tíì ní ibi tó ní òrùlé, tí bọ́ọ̀sì lè wọ̀ tí yóò sì gbẹ, kó má tíì ra bọ́ọ̀sì. Owó tó bá wà lọ́wọ́, kó fi wá ilé ná.

Mo mọ ibi tí ìfẹ́ náà ti wá. Ọ̀nà 12 àti ọ̀nà 36 gba Peckham àti Camberwell kọjá, níbi tí àwa Yorùbá pọ̀ sí ní gúúsù London. Routemaster wà lórí ọ̀nà 12 títí di oṣù Kọkànlá ọdún 2004, ó wà lórí ọ̀nà 36 títí di oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2005. Ẹni tó dàgbà sí Èkó, tó mọ bí kọ̀ndọ́kítọ̀ mọlúè ṣe ń pe ibùdókọ̀, á dé inú bọ́ọ̀sì yìí, á sì rí ohun tó mọ̀: ènìyàn kan wà nínú ọkọ̀ tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti wo èrò, tí yóò sọ fún àgbàlagbà pé ìyá, ibi tí ẹ̀ ń lọ ti dé. Ohun tí ọ̀pọ̀ ń ṣàárò nìyẹn ju irin àti ọ̀dà lọ.

Síbẹ̀, ẹ jẹ́ ká sọ òtítọ́ nípa ohun tó mú kí wọ́n yọ ọ́ kúrò lójú ọ̀nà. Ẹni tó wà lórí kẹ̀kẹ́ aláàbọ̀ ara kò lè wọ̀ ọ́ rárá. Àbọ́yún tàbí ẹni tí orúnkún ń dùn ní láti gbé ẹsẹ̀ sókè gan-an. Orí pẹpẹ tí à ń yìn yìí náà ni àwọn èrò kan ti ṣubú sílẹ̀. Mi ò ní bá ẹnikẹ́ni jiyàn pé kí wọ́n dá a padà sẹ́nu iṣẹ́. Ohun tí mo fẹ́ ni pé kí ó wà láàyè, kí ó máa rìn, kí àwọn ọmọ lè gùn ún kí wọ́n sì mọ bó ṣe rí.

Ó dára, ilé rẹ̀ ńkọ́? Gíga bọ́ọ̀sì náà jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 14 àti íǹṣì mẹ́rin àbọ̀, ìyẹn mítà 4.38. Ẹ wá ẹnu ọ̀nà tó ga tó mítà 4.6 ó kéré tán, torí ilẹ̀ ẹnu ọ̀nà kì í sábà tẹ́jú: bí táyà iwájú bá gun òkè díẹ̀, orí bọ́ọ̀sì náà á gòkè. Fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 8. Gígùn RM, ìyẹn irú Routemaster tó wọ́pọ̀, jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 27 àbọ̀, tí RML, irú tó gùn jù ú lọ, sì jẹ́ 30. Ẹ fi àyè tí ènìyàn lè dúró sí kún un ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, kí ẹ lè gbé àkàbà sí i kí ẹ sì lè yọ táyà. Kí ilẹ̀ ibẹ̀ jẹ́ kọnkéré. Ilẹ̀ erùpẹ̀ a máa mí omi sókè lóru, abẹ́ ọkọ̀ á sì máa tutù ní gbogbo ìgbà òtútù bí òrùlé tilẹ̀ wà lórí rẹ̀. Atẹ́gùn gbọ́dọ̀ máa ráyè wọlé. Ẹni tó fi tapólì bo bọ́ọ̀sì níta gbangba pẹ̀lú èrò pé òun ti dáàbò bò ó ti sé ọ̀rinrin mọ́ abẹ́ rẹ̀ ni, tapólì náà á sì máa ha ọ̀dà bí afẹ́fẹ́ bá ń fẹ́.

Inú abà àwọn àgbẹ̀ ní Kent àti Essex ni ọ̀pọ̀ ń fi tiwọn sí, torí kò sí àyè fún un ládùúgbò. Ẹ kọ àdéhùn sínú ìwé, pàápàá iye oṣù tí onílé gbọ́dọ̀ fi sọ fún yín ṣáájú bí ó bá fẹ́ gba àyè rẹ̀ padà. Oṣù mẹ́ta kéré, mẹ́fà ló dára. Mo ti rí bọ́ọ̀sì tó dára tó di ẹrù àwọn tó ń ra irin àlòkù kìkì nítorí pé wọ́n ta ilẹ̀ tí abà wà lórí rẹ̀, tí àwọn olówó rẹ̀ kò sì rí ibòmíràn tó ga tó kí ọjọ́ tó pé. Ẹ tún béèrè bóyá iná wà níbẹ̀, bóyá ẹ lè dé ibẹ̀ ní alẹ́ àti ní ọjọ́ Sunday, àti bóyá wọ́n ń kó koríko gbígbẹ sí ẹ̀gbẹ́ ibi tí ẹ fẹ́ máa jó irin sí.

Nígbà tí ẹ bá ti ní ilé, ẹ lè bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọkọ̀.

Ohun kan wà tó máa ń ba olólùfẹ́ nínú jẹ́, ó sì yẹ kí ẹ mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀. Ọ̀pọ̀ ń wá bọ́ọ̀sì kan pàtó, nọ́ńbà tí wọ́n rántí láti ìgbà èwe. Ṣùgbọ́n bí London Transport, ilé iṣẹ́ tó ni àwọn bọ́ọ̀sì náà nígbà náà, ṣe ń tún wọn ṣe ní ilé iṣẹ́ Aldenham, wọ́n a máa gbé ara ọkọ̀ kúrò lórí férémù, wọ́n á tún ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe lọ́tọ̀, ara tó bá sì ti ṣetán ni wọ́n á gbé lé férémù tó bá ti ṣetán. Nọ́ńbà tó wà lójú bónẹ́ẹ̀tì kì í sábà jẹ́ ti ara tí ó kọ́kọ́ gbé. Àwo kékeré kan wà tí wọ́n kan mọ́ ara ọkọ̀, tí nọ́ńbà ara wà lórí rẹ̀; ẹ wò ó, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Nọ́ńbà ìwé ọkọ̀ náà kò ṣeé gbára lé: àwọn nọ́ńbà àtijọ́ bíi VLT àti WLT níye lórí, wọ́n yọ púpọ̀ nínú wọn tà lọ́tọ̀. Bí ẹ bá rí Routemaster tó ń lo nọ́ńbà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú LDS tàbí WTS tó sì parí pẹ̀lú A, wọ́n ti pààrọ̀ tirẹ̀ nìyẹn. Mi ò rí èyí bí àbùkù. Bí wọ́n ṣe ṣe bọ́ọ̀sì náà láti lè tú, kí wọ́n sì tún un tò, ni ó jẹ́ kí ó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má san owó gọbọi fún nọ́ńbà.

Béèrè irú ẹ́ńjìnnì tó wà nínú rẹ̀. Ti ìpilẹ̀ṣẹ̀ ni AEC AV590, lítà 9.6, tàbí Leyland O.600, lítà 9.8. Láàárín ọdún 1990 sí 1994, wọ́n yọ ti ọ̀pọ̀ RML wọ́n sì fi Iveco tàbí Cummins sí i. Scania náà wà nínú àwọn RM kan. Ẹni tó fẹ́ gbọ́ ohùn tó mọ̀ láti kékeré á wá AEC tàbí Leyland. Ẹni tó fẹ́ rí ẹ̀yà rà láìjẹ́ pé ó ń bẹ ènìyàn kiri á fara mọ́ Cummins. Èmi ò dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi nínú méjèèjì, àmọ́ kí ẹ mọ èyí tí ẹ̀ ń rà.

Tí ẹ bá lọ wò ó, ẹ wọ aṣọ iṣẹ́. Ẹ mú tọ́ọ̀ṣì tó mọ́lẹ̀ dáadáa, sukudiráfà ńlá, òòlù kékeré, òòfà, àti àkàbà dání. Ẹni tó ń tà á á fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ gbọ́ ẹ́ńjìnnì. Ẹ sọ fún un pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé ẹ máa fi ìyẹn ṣe ìkẹyìn, torí ẹ́ńjìnnì tó ń dún dáadáa máa ń fọ́ ojú ẹni tó fẹ́ rà.

Ibi tí mo máa ń kọ́kọ́ wò ni pẹpẹ ẹ̀yìn. Ìta ló wà, òjò ń rọ̀ sí i, bàtà ń gbé iyọ̀ títì lé e lórí. Igi ló wà lábẹ́ ohun tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀. Ẹ dúró sí igun rẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ òpó, ẹ mi ara yín. Bí ó bá ń rọ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀, igi ti jẹrà, àwọn irin tó gbé e lè ti jẹ pẹ̀lú. Ẹ wọ abẹ́ rẹ̀, ẹ fi sukudiráfà gún igi náà. Igi tó yè kò ní gba ẹnu sukudiráfà wọlé.

Lẹ́yìn náà, férémù. Routemaster kò ní sáásì gígùn kan bíi lọ́rì. Alumíníọ̀mù ni ara rẹ̀, òun gan-an ló sì ń gbé ẹrù. Férémù irin méjì ni wọ́n so mọ́ ọn: férémù A níwájú, tó gbé ẹ́ńjìnnì àti sítíárìn, àti férémù B lẹ́yìn, tó gbé àwọn táyà ẹ̀yìn àti sípíríǹgì wọn. Èyí ló jẹ́ kí ó fúyẹ́, nǹkan bí tọ́ọ̀nù 7 àbọ̀ fún ọkọ̀ tó gbé èrò 64 ní ìjókòó, 36 lókè, 28 nísàlẹ̀. Àmọ́ níbi tí irin bá ti kan alumíníọ̀mù, tí omi iyọ̀ sì wà láàárín wọn, alumíníọ̀mù ni yóò kọ́kọ́ jẹ. Yóò di ìyẹ̀fun funfun, yóò sì máa wú, a sì máa ti pánẹ́ẹ̀lì síta. Nítorí náà, ẹ má wá àwọ̀ ìpẹtà pupa nìkan. Ẹ wá ìyẹ̀fun funfun, ẹ wá ibi tí ọ̀dà ti wú roro. Férémù B ni kí ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí jù, pàápàá ibi tí táyà ń da ẹrẹ̀ sí. Ẹ fi òòlù kékeré lù ú: irin tó yè á dún gbọn-in, èyí tó ti jẹ á dún bọ̀ọ̀. Òòfà tí ẹ mú dání, pánẹ́ẹ̀lì ẹ̀gbẹ́ ni ó wà fún. Kò gbọdọ̀ lẹ̀ mọ́ alumíníọ̀mù. Ibi tó bá ti lẹ̀, ẹnì kan ti fi irin lẹ̀ ẹ́, ìjà irin àti alumíníọ̀mù sì ti bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀.

Ẹ gun òkè, ẹ jókòó síwájú pátápátá. Ẹ wo abẹ́ fèrèsé iwájú, ẹ wo igun àjà, ẹ fọwọ́ kan aṣọ ìjókòó kí ẹ sì gbóòórùn rẹ̀. Ẹ ṣí àpótí tí àwọn aṣọ orúkọ ibùdó wà nínú rẹ̀. Bí àwọn aṣọ náà bá ní àbàwọ́n omi, òjò ń gba gíláàsì iwájú wọlé. Nígbà yìí ni kí ẹ tó ní kí wọ́n tan ẹ́ńjìnnì. Kí ó tutù kí wọ́n tó tan án. Ẹ fọwọ́ kan án fúnra yín, torí ẹni tó ti mú un gbóná kí ẹ tó dé lè máa fi àìdára rẹ̀ nígbà òtútù pamọ́. Ẹ ṣí ìdérí ọ́ìlì: bí inú rẹ̀ bá funfun bíi wàrà, omi ti bá ọ́ìlì pàdé.

Nípa owó, ohun tí mò ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá bi mí ni pé iye tí ẹ fi rà á kì í ṣe iye tí ó máa gbà lọ́wọ́ yín. Ẹ fi ìdajì owó ọwọ́ yín pamọ́ fún ọdún àkọ́kọ́. Táyà 6 ló ní, 2 níwájú, 4 lẹ́yìn. Àwọn nọ́ńbà mẹ́rin kan wà ní ẹ̀gbẹ́ táyà tó ń sọ ọ̀sẹ̀ àti ọdún tí wọ́n ṣe é: 2314 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2014. Láti ọjọ́ 1 oṣù Kejì ọdún 2021, òfin ilẹ̀ Britain kò gba táyà tó ti ju ọdún 10 lọ níwájú bọ́ọ̀sì. Wọ́n yọ̀ǹda fún ọkọ̀ ìtàn tí a kò fi ṣòwò, ṣùgbọ́n èmi ò ní lo ìyọ̀ǹda náà. Táyà tó bá bẹ́ níwájú bọ́ọ̀sì tó ga tó bẹ́ẹ̀ kò mọ̀ pé ọkọ̀ ìtàn ni.

Ọjọ́ tí ẹ máa mú un bọ̀ wálé, ẹ ti wa ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ gba ọ̀nà náà tẹ́lẹ̀. Ẹ ka gíga gbogbo afárá, ẹ kọ wọ́n sórí páálí kí ẹ sì lẹ̀ ẹ́ síwájú dírẹ́bà pẹ̀lú gíga bọ́ọ̀sì. Ohun tí ọ̀pọ̀ kì í rò ni ẹ̀ka igi. Lójú ọ̀nà tí bọ́ọ̀sì alájà méjì ń gbà lójoojúmọ́, wọ́n ń gé ẹ̀ka igi. Lójú ọ̀nà abúlé tó lọ sí abà, ẹnikẹ́ni kì í gé e. Ẹ̀ka tó tẹ̀ wálẹ̀ lè fọ́ gíláàsì òkè tàbí kí ó ya orí iwájú, ẹ̀yà tó sì wọ́n nìyẹn. Bọ́ọ̀sì ìlú ni, kò ní sáré ju nǹkan bíi máìlì 40 sí 45 lọ ní wákàtí kan, nítorí náà ọ̀nà ńlá àwọn tó ń sáré kì í ṣe tirẹ̀. Lẹ́yìn máìlì 15, ẹ dúró, ẹ na ọwọ́ sún mọ́ àárín táyà kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá gbóná ju àwọn tó kù lọ, bíréèkì rẹ̀ ń fà tàbí béárìn rẹ̀ ń kú lọ. Bí ẹ bá ti yọ táyà kankan kí ẹ tó gbéra, ẹ tún nọ́ọ̀tì rẹ̀ fún lẹ́yìn ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kí ẹ sì tún un ṣe lẹ́yìn kìlómítà 40 sí 80.

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ nílé ni láti dá omi dúró. Kí ẹ má kun ọ̀dà kankan kí èyí tó parí, bí ọwọ́ tilẹ̀ ń yún yín láti rí i kí ó máa dán. Ẹnì kan á wà nínú pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì àti ṣọ́ọ̀kì, ẹnì kan á wà níta pẹ̀lú rọ́bà omi. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀. Ẹ da omi sí ibì kan ṣoṣo fún ìṣẹ́jú 10 kí ẹ tó gbé e sókè díẹ̀, torí bí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ láti òkè, omi á ṣàn kọjá gbogbo ihò, ẹ ò sì ní mọ èyí tó wọlé. Ẹ rántí pé ibi tí omi ti ń kán kì í sábà jẹ́ ibi tó gbà wọlé. Ó máa ń tẹ̀ lé egungun ara ọkọ̀ lọ síwájú tàbí sẹ́yìn. Rọ́bà ètí fèrèsé ló sábà máa ń jẹ̀bi. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ojú ìsopọ̀ àjà iwájú àti ti ẹ̀yìn, àti gíláàsì àpótí orúkọ ibùdó.

Gọ́ọ̀mù tí ẹ máa fi dí i ṣe pàtàkì. Silikóònù olówó pọ́ọ́kú tó ń rùn bíi fínígà, ásíìdì ló ń tú jáde bó ṣe ń gan, ásíìdì náà sì ń jẹ alumíníọ̀mù. Ẹ wá èyí tí wọ́n kọ neutral cure sí lára, tàbí polyurethane. Níbikíbi tí sukúrù irin bá máa wọ alumíníọ̀mù, ẹ fi ìpara Duralac tàbí irú rẹ̀ pa á kí ẹ tó dè é, kí àwọn méjèèjì má baà fara kan ara wọn. Ríbẹ́ẹ̀tì alumíníọ̀mù ni kí ẹ lò fún pánẹ́ẹ̀lì alumíníọ̀mù.

Fún pẹpẹ ẹ̀yìn, marine plywood ni, ìyẹn pákó tí wọ́n ṣe fún ibi olómi. Ẹ gé e, ẹ lu gbogbo ihò rẹ̀ tán, kí ẹ tó kun ún, torí etí tí ẹ bá gé lẹ́yìn ọ̀dà ni omi máa gbà wọ inú igi. Ẹ kun ojú rẹ̀ méjèèjì àti etí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin àti inú ihò kọ̀ọ̀kan, ó kéré tán lẹ́ẹ̀mẹta, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan gbẹ. Ẹ wo àwọn ojú ihò tí omi ń gbà jáde lábẹ́ ọkọ̀, ẹ fi wáyà tú wọn. Mo ti rí bọ́ọ̀sì tí wọ́n kun lẹ́wà tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n tí ọ̀dà náà ti dí gbogbo ihò omi. Omi òjò jókòó sínú rẹ̀ ni.

Bíréèkì kò gba eré. Omi bíréèkì tó ní agbára ìfúnpá ló ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀, kì í ṣe afẹ́fẹ́ bíi ti ọ̀pọ̀ bọ́ọ̀sì ńlá, ó sì ní ìgò ìfúnpá tó ń pa agbára mọ́. Bí ọkọ̀ bá ti dúró pẹ́, agbára náà á ti dínkù. Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì ṣiṣẹ́, kí àmì ìkìlọ̀ kúrò, kí ẹ tó sún un rárá. Ẹ má ṣe tú páìpù kankan nígbà tí agbára ṣì wà nínú rẹ̀; mẹkáníìkì ọkọ̀ ńlá tó mọ̀ ọ́n ni kó fọwọ́ kàn án. Ohun mìíràn tó lè pa ènìyàn ni eruku inú dúrọ́ọ̀mù bíréèkì. Àwọn páàdì àtijọ́ ní asbestos nínú. Britain fòfin dè é pátápátá lọ́dún 1999, ṣùgbọ́n ẹ̀yà tó ti wà nínú bọ́ọ̀sì tàbí nínú àpótí ẹ̀yà àtijọ́ kò mọ òfin. Ẹ má fi afẹ́fẹ́ fẹ́ ẹ. Ẹ fi omi rin ín, ẹ wọ ìbòmú tó yẹ, ẹ fi àkísà nù ún, ẹ sì dì í sínú ọ̀rá méjì.

Jíà rẹ̀ kò ní kúlọ́ọ̀ṣì tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀. Àwọn bẹ́líìtì tó wà nínú àpótí jíà ló ń dì mú, tó ń tú sílẹ̀. Kí bọ́ọ̀sì dúró jẹ́ẹ́ kí ẹ tó fi í sí jíà kìn-ín-ní. Bí ẹ bá ń gòkè láti jíà kan sí èkejì, ẹ gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí tọ́tù, ìyẹn ibi tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀ kí ọkọ̀ lè sáré, ẹ dúró díẹ̀, kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́ padà; bí ẹ kò bá gbé ẹsẹ̀, àwọn bẹ́líìtì á máa yọ̀ lórí ara wọn, wọ́n á sì jó, èrò á sì ta gìrì lórí ìjókòó. Lórí òkè, bíréèkì ni kí ẹ fi dá a dúró, kì í ṣe tọ́tù.

Bọ́ọ̀sì tó dúró sójú kan ń kú díẹ̀díẹ̀. Ẹ mú un jáde lẹ́ẹ̀kan lóṣù ó kéré tán, kí ó rìn tó ìṣẹ́jú 45, títí jíà àti àkìsù ẹ̀yìn á fi gbóná, kí ọ̀rinrin inú wọn lè jáde. Títan ẹ́ńjìnnì fún ìṣẹ́jú 5 nínú abà kí a sì pa á burú ju àìtan án lọ, torí omi tó kó sínú rẹ̀ kò ráyè gbẹ. Kí òtútù tó dé, ẹ rọ dísẹ̀lì kún táǹkì: àyè òfo ni ìrì ń kó sí, dísẹ̀lì ìsinsìnyí sì ní epo ewéko díẹ̀ nínú tó ń fa omi mọ́ra, tí ìdọ̀tí sì ń hù nínú rẹ̀. Ẹ yọ okùn bátìrì, vóòtì 24 ni, kí ẹ sì máa fún un ní iná.

Ìwé òfin kò ṣòro púpọ̀. Ọkọ̀ tó ti lé ní ogójì ọdún, tí a kò fi ṣòwò, kì í san owó orí ọkọ̀, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ ṣì bèèrè fún un lọ́dọọdún. Gbogbo Routemaster ni wọ́n ṣe ṣáájú ọdún 1973, nítorí náà owó LEZ, èyí tí London ń gbà lọ́wọ́ ọkọ̀ ńlá tí èéfín rẹ̀ pọ̀, kò kàn án. Bí bọ́ọ̀sì bá ti ju ọdún 30 lọ, tí kò gbé ju èrò 8 lọ, tí a kò sì gba owó kankan, ẹni tó ní ìwé ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ lè wà á bí ó bá ti pé ọdún 21, tó sì ti ní ìwé náà fún ọdún 2; ṣùgbọ́n ẹ bi ilé iṣẹ́ inṣọ́ránsì yín, ọ̀pọ̀ wọn kò gbà. Èmi rọ gbogbo ẹni tó bá lè ṣe é pé kí ó gba ìwé bọ́ọ̀sì gan-an. Ẹ ṣọ́ ọ̀rọ̀ owó gidigidi. Bí ẹ bá gbé èrò lọ síbi ìgbéyàwó tí ẹnì kan sì fún yín ní owó dísẹ̀lì, òfin lè kà á sí owó ọkọ̀. Nígbà náà, ẹ nílò ìwé àṣẹ agbérò, ìwé dírẹ́bà bọ́ọ̀sì, àti àyẹ̀wò ọkọ̀ ọdọọdún. Gbogbo aríyá wa ní ìdílé Yorùbá ló fẹ́ bọ́ọ̀sì pupa lẹ́nu ọ̀nà, nítorí náà ẹ máa sọ rárá léraléra fún àwọn ènìyàn tí ẹ fẹ́ràn.

Lọ́jọ́ tí ẹ bá mú un lọ síbi tí àwọn olólùfẹ́ ń péjọ, bíi London Bus Museum ní Brooklands, tàbí Imberbus tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2009, tí wọ́n ń gbé èrò gba orí pápá Salisbury Plain lọ sí abúlé Imber, ẹnì kan gbọ́dọ̀ dúró lórí pẹpẹ ẹ̀yìn ní gbogbo ìgbà tí ọkọ̀ bá ń rìn. Iṣẹ́ rẹ̀ kan ṣoṣo nìyẹn. Ẹ kọ́ ọ ní agogo: lẹ́ẹ̀kan, dúró, lẹ́ẹ̀mejì, máa lọ, lẹ́ẹ̀mẹta, ọkọ̀ ti kún, lẹ́ẹ̀mẹrin, nǹkan ti ṣẹlẹ̀. Kí dírẹ́bà má gbéra láé láìgbọ́ agogo méjì, kódà bí ojú rẹ̀ bá ti rí i nínú dígí pé pẹpẹ ṣófo. Àwọn ọmọdé á fẹ́ fi ọwọ́ kan okùn agogo náà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fà á nígbà tí ọkọ̀ bá dúró tí ẹ́ńjìnnì sì ti kú.

Bí ọjọ́ bá sì dé tí agbára kò ká a mọ́, ẹ tà á nígbà tí ó ṣì ń rìn. Ẹni tó bá dúró títí tí kò fi ní tan mọ́, bí irin àlòkù ni yóò tà á. Ẹ fi fáìlì kan lé ẹni tó rà á lọ́wọ́ pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́: ọjọ́ tí ẹ pààrọ̀ ọ́ìlì kọ̀ọ̀kan àti irú rẹ̀, irú omi bíréèkì tó wà nínú rẹ̀, nọ́ńbà ara ọkọ̀, déètì táyà, àwòrán ibi tí ẹ ti tún igi ṣe, àti orúkọ gọ́ọ̀mù tí ẹ lò. Ẹ kó gbogbo ẹ̀yà tó wà nínú abà fún un pẹ̀lú, títí dé gílóòbù kéékèèké inú ọkọ̀. Kí ẹ tó gba owó rẹ̀, ẹ bi í níbi tó máa gbé e sí, kí ẹ sì ní kó jẹ́ kí ẹ wọn ẹnu ọ̀nà rẹ̀.